Bẹntiróòlù Tó Ń Sọdá Bodè

Ní etí títì tó ti Ìgólò lọ sí Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, inú ìgò ni bẹntiróòlù ń gbé. Ìgò ràbàtà wà fún onímọ́tò, ìgò ọtí wà fún ọlọ́kadà tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju lítà kan lọ. Ońtajà á fi aṣọ sẹ́nu àrọ kó lè sẹ́ ìdọ̀tí inú epo, oníbàárà á sanwó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kpayo ni wọ́n ń pè é. Nàìjíríà ló ti wá.

Òfin ló bí òwò yìí. Lọ́dún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ iye owó epo di ọ̀kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 1975, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ tí yóò máa gba àwọn tó ń gbé epo lọ sọ́nà jíjìn lọ́wọ́ àdánù. Nígbà náà, iye tí wọ́n ń tà á l'Ékòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ tà á ní Ìdíròkò létí bodè, owó ìrànwọ́ ìjọba sì mú kó dínwó. Lódìkejì bodè, ó wọ́n.

Nígbà tó fi di ọdún 1989, ìjọba Mathieu Kérékou ní Bẹ̀nẹ̀ kò rówó oṣù san mọ́. Ọ̀pọ̀ aláìníṣẹ́ gba ìdí ìgò lọ. Àwọn akanda ẹ̀dá náà kò gbẹ́yìn: wọ́n so táǹkì mọ́ alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn, nítorí aṣọ́bodè kì í sábà dá wọn dúró.

Òfin Bẹ̀nẹ̀ lòdì sí kpayo, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Boni Yayi gbógun tì í lọ́dún 2012, ìjà ló bẹ́ sílẹ̀. Nàìjíríà náà ti bodè pa lóṣù Kẹjọ ọdún 2019. Lóṣù Kọkànlá, kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ síléepo tí kò tó kìlómítà 20 sí bodè. Àwọn onífàyàwọ́ gba inú igbó àti ojú omi.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Nàìjíríà, Bọ́lá Tinúbú, kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà tí kò tó 200 náírà sún mọ́ 500 l'Ékòó lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Kpayo gbówó lórí ní Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà sì bẹ̀rẹ̀ sí tò síléepo.

Kò pẹ́ tí náírà fi já wálẹ̀. Owó epo kò bá a rìn, ó sì tún dínwó lójú ẹni tó ní CFA, owó Bẹ̀nẹ̀, lọ́wọ́, lòwò bá tún gbérí. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké gbiná, ó pa èèyàn tó lé ní 30. Lọ́dún 2024, kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà tún rán òṣìṣẹ́ lọ sí bodè.

Bí ìjọba méjèèjì bá fẹ́ kí fàyàwọ́ epo dópin lóòótọ́, kí wọ́n jókòó lórí iye owó rẹ̀, kí wọ́n tó fi kún iye aṣọ́bodè.