Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Ẹ̀rọ: Bí Ìráhùn Oníbàárà Ṣe Ń Di Iṣẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí gbójú lé ohun kan tí a kì í sábà dárúkọ: ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ ilé, ó mọ ọ̀nà, ó mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, ó sì mọ ohun tí ìtìjú kò jẹ́ kí onítọ̀hún sọ jáde. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìránṣẹ́ irú mìíràn ti dé sáyé. Ẹ̀rọ ni, ọgbọ́n àtọwọ́dá ni a fi ṣe é. Ó lè kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ó lè tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe, ó sì lè gbé iṣẹ́ tí ó parí wá fún àyẹ̀wò. Bí oníbàárà bá ráhùn ní òwúrọ̀, ẹ̀rọ náà lè ti ṣiṣẹ́ lórí ìráhùn rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ìjíròrò yìí ni pé, ta ni ó ń sọ ìráhùn di iṣẹ́? Kí ìdáhùn tó lè ní láárí, ó yẹ kí á tọ ìtàn lọ, nítorí pé ìbéèrè náà dàgbà ju ẹ̀rọ tuntun yìí lọ fíìfíì.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó dára kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ J. Lyons. Búrẹ́dì àti kéèkì ni ó ń ṣe, ó sì ní ilé tíì káàkiri ìlú. Ilé-iṣẹ́ yìí kọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sọ ọ́ ní LEO. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1951, LEO bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò iye owó ohun tí ilé búrẹ́dì náà ń ṣe, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí a kọ́kọ́ lò fún iṣẹ́ ọ́fíìsì ní gbogbo ayé. Ní ọdún 1954, a tún gbé iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́. Ilé tíì kọ̀ọ̀kan ní iye oúnjẹ tí a ti fi lélẹ̀ pé kí á máa gbé wá fún un. Bí obìnrin tí ń ṣe àbójútó ibẹ̀ bá fẹ́ yí iye náà padà, yóò sọ ọ́ lórí tẹlifóònù fún akọ̀wé ní orílé-iṣẹ́. Akọ̀wé yóò lu ihò sára páálí. LEO yóò ka páálí náà, yóò sì tẹ ìwé tí ó sọ ohun tí a ó dì fún ilé tíì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó yẹ ní kíkíyèsí níbẹ̀ ni pé obìnrin náà kò bá LEO sọ̀rọ̀ rí. Ènìyàn ni ó wà láàrin wọn. Bí ó bá wí pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún búrẹ́dì òun, akọ̀wé lè bi í pé, "Mélòó ni díẹ̀?" Ihò ara páálí kò lè béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣáájú akọ̀wé yìí pàápàá, David Caminer àti àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti yẹ iṣẹ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí á tó kọ ètò rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ta tíì di ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé láìṣìnà.

Bí kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i ni àlàfo tí ó wà láàrin oníbàárà àti akọ-ètò ń fẹ̀ sí i. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ péjọ sí Garmisch ní ilẹ̀ Jámánì, lábẹ́ ìgbọ̀wọ́ àjọ NATO. Ohun tí wọ́n bá wá síbẹ̀ ni wàhálà àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń pẹ́ kí wọ́n tó parí, tí ń jẹ owó ju iye tí a dá lé wọn lọ, tí kì í sì í ṣe ohun tí a retí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1970, Winston Royce, ará Amẹ́ríkà, ya àwòrán iṣẹ́ náà bí àtẹ̀gùn: kí á kọ ohun tí oníbàárà fẹ́ sílẹ̀, kí á gbèrò bí a ó ti ṣe é, kí á kọ ètò náà, kí á dán an wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbá àwòrán náà mú, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ tí ó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Royce fúnra rẹ̀ sọ pé ewu ń bẹ nínú kí á kàn máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà láìwẹ̀yìn wò. Ó dámọ̀ràn pé kí oníbàárà máa bá iṣẹ́ náà rìn jálẹ̀jálẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí a bá gbé e fún un ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kàn án.

Ojú ọ̀run ni ẹ̀kọ́ tí ó dunni jù lọ nínú ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ kan tí kò ní ènìyàn nínú, Mars Climate Orbiter, ránṣẹ́ sí Mars. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ọkọ̀ náà pòórá. Ìwádìí fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà kan ní ilé-iṣẹ́ Lockheed Martin ń fi òṣùwọ̀n pọ́n-ùn ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. Òṣùwọ̀n newton ni àwọn tí ń darí ọkọ̀ náà ń retí, òun náà sì ni ìwé ìlànà iṣẹ́ náà ní kí á lò. Ọkọ̀ náà sún mọ́ Mars ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ṣègbé.

Èyí tí ó kan ìjíròrò yìí jù lọ ni pé àwọn kan ti fura kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn tí ń darí ọkọ̀ náà rí i pé ìṣirò kò bára mu. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ pé wọn kò mú un gba ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún títọpinpin irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìráhùn wà; iṣẹ́ kò sí. Ọ̀rọ̀ náà jábọ́ sáàrin ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí ẹnì kan pàtó tí a lè pè ní olówó rẹ̀.

Láàrin àkókò kan náà, àwọn mìíràn ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Chrysler, níbi tí Kent Beck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ ètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ láti ọdún 1996, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ owó oṣù ni a mú wá jókòó ti àwọn akọ-ètò. Ohun tí ó bá fẹ́, a ó kọ ọ́ sí páálí kékeré bí ìtàn kúkúrú. Ní ọdún 2001, Ron Jeffries, tí òun náà bá wọn ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣàlàyé pé nǹkan mẹ́ta ni ó pé jọ sínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀: páálí tí a kọ ọ́ sí, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, àti ẹ̀rí tí a ó fi mọ̀ pé ó ti parí. Páálí kàn ń rán ni létí pé ọ̀rọ̀ wà láti sọ ni. Àwọn tí ń gba ẹ̀sùn nípa àṣìṣe inú ètò pẹ̀lú fi ìlànà kan múlẹ̀: kí ẹni tí ń ráhùn sọ ohun tí ó ṣe, ohun tí ó retí, àti ohun tí ó rí dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọgbọ́n àtọwọ́dá wọlé. Ní ọdún 2021, GitHub gbé Copilot jáde, ẹ̀rọ tí ń bá akọ-ètò parí ìlà tí ó bá bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan kó ẹ̀sùn 2,294 jọ láti inú ètò kọ̀ǹpútà 12 tí gbogbo ayé ń lò, wọ́n pe àkójọ náà ní SWE-bench, wọ́n sì ní kí àwọn ẹ̀rọ yanjú wọn. Èyí tí ó mókè jù nígbà náà kò yanjú tó 2 nínú 100. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, OpenAI ní kí akọ-ètò 93 yẹ 1,699 nínú àwọn ẹ̀sùn náà wò. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 38 nínú 100 ni a kò ṣàlàyé tó. Ẹ̀bi náà kò wà lọ́rùn ẹ̀rọ nìkan. A kò rò fún ìránṣẹ́ tán kí á tó rán an. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, GitHub ṣí ọ̀nà tí a fi lè yan ẹ̀sùn fún ẹ̀rọ gan-an gẹ́gẹ́ bí a ti ń yàn án fún ènìyàn.

Kí ni ó wá yí padà? Kí á gbà pé oníṣòwò kan kọ̀wé pé, "Rìsíìtì tí ètò yín ń tẹ̀ kò dára." Ó lè jẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ kò pé. Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kéré tí àgbàlagbà kò rí i kà. Ó lè jẹ́ pé rìsíìtì ń pẹ́ jáde nígbà tí èrò ti tò síwájú ìsọ̀. Akọ-ètò tí ó jẹ́ ọmọlúàbí yóò pe oníṣòwò náà. Ẹ̀rọ tí a kàn da ọ̀rọ̀ náà sí lọ́wọ́ lè mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ṣe é tán ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó sì jábọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Tẹ́lẹ̀ rí, àìgbọ́ra-ẹni-yé a máa dá iṣẹ́ dúró, ìdádúró náà a sì máa kìlọ̀ fún ni. Nísinsìnyí, ó lè bí iṣẹ́ tí ó dán, tí ó gún régé, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí yóò sọ ìráhùn di iṣẹ́ fún ẹ̀rọ ní láti kọ rìsíìtì tí ọ̀rọ̀ kàn àti ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́, iye tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ àti iye tí ó wà níbẹ̀. Yóò sọ apá ètò tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Yóò fi ìdánwò lélẹ̀ ṣáájú, èyí tí ẹ̀rọ kò láṣẹ láti yí padà kí ó lè baà yege. Yóò tún wò ó bóyá ìráhùn mẹ́wàá jẹ́ àrùn kan ṣoṣo, tàbí ìráhùn kan jẹ́ àrùn mẹ́ta.

Yóò sì rántí pé ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ oníbàárà, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di àṣẹ fún ẹ̀rọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2025, àwọn olùwádìí nípa ààbò fi hàn pé ẹni ibi lè fi àṣẹ pamọ́ sínú ẹ̀sùn tí ó kọ sí gbangba, kí ẹ̀rọ tí ó kà á sì tú ohun ìpamọ́ olówó rẹ̀ síta. Ìránṣẹ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó pàdé lọ́nà, ó yẹ kí á ṣọ́ ọ.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀rọ ń gbọ́n sí i, àti pé láìpẹ́ a kò ní nílò ẹni tí ń dúró sáàrin. Òtítọ́ ni pé ẹ̀rọ lè ka ètò púpọ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè bi ni léèrè bí a bá ní kí ó béèrè. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ oníṣòwò kò sí nínú ohun tí ó kà, bẹ́ẹ̀ ni èrò tí ó tò níwájú ìsọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́, kí ó sì mọ ẹni tí yóò bá òun wí bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́.

Ohun tí ó kù fún àwọn tí yóò jíròrò láti yanjú nìyí. Bí ilé-iṣẹ́ bá mú akọ̀wé tí ń béèrè pé "Mélòó ni díẹ̀?" kúrò nítorí àtidín owó kù, ta ni yóò máa béèrè? Bí ẹ̀rọ bá sì ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ fún oníbàárà tí ó ráhùn nítòótọ́, orúkọ ta ni yóò wà lórí iṣẹ́ náà?