Ta Ló Pa Á? Bí Ìtàn Àdììtú Gígùn Ṣe Dé Ọwọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà fẹ́ràn láti máa sọ sí wa létí: ọ̀dọ́ ìwòyí kò ní sùúrù ìwé, bí ọ̀rọ̀ bá ti ju ojú ìwé méjì lọ, a ti sá. Síbẹ̀, láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, a rí àwọn tó ń fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta ka ìtàn kan ṣoṣo lórí fóònù. Visual novel ni orúkọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á yọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á hàn nísàlẹ̀, orin á máa lọ lábẹ́lẹ̀, òǹkàwé á sì máa tẹ̀ ẹ́ síwájú ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn tó gùn jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: wọ́n pa èèyàn, a kò mọ ẹni tó pa á, àwa náà la ó sì bá wọn wá a.

Kí a tó pe àṣà yìí ní nǹkan àjèjì, ẹ jẹ́ ká yẹ ilé wò ná. Oríṣi àlọ́ méjì ni Yorùbá ní. Àlọ́ àpagbè gùn, ó ní orin, gbogbo ilé ló ń gbè é. Àlọ́ àpamọ̀ kúrú. Ẹni tó ń pa á ti mọ ìdáhùn, ó fi pamọ́, ó ní kí àwa wá a. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gígùn so méjèèjì pọ̀. Ó gùn bí àpagbè, ó sì di ìdáhùn mọ́wọ́ bí àpamọ̀. Ohun tó kù nígbà náà kò ju pé kí ẹnìkan gbé e sórí ìwé.

Ní 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ní àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ ayé tí òun jẹ nínú Èkó kí ikú tó dé. Díẹ̀ díẹ̀ ni lẹ́tà wọ̀nyí ń jáde títí wọ 1930. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú. Àwọn mìíràn káàánú rẹ̀, àwọn mìíràn gbà pé ẹni gidi ni. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1930 kan náà ló di ìwé, òun sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ìtàn yìí kì í ṣe ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n àdììtú wà nínú rẹ̀: ta ni obìnrin yìí? Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe kà á. Wọ́n ka ìpín kan, wọ́n dúró, wọ́n jiyàn, kí èkejì tó dé. Àlàfo àárín ìpín kan sí èkejì yẹn ṣe pàtàkì. A ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó lè kàwé kò tíì pọ̀ nígbà náà. Ibí yìí ni ìtàn ti kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ gan-an. Lónìí a mọ̀ wọ́n sí méjì nínú ẹ̀ka márùn-ún Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà yẹn, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ìlú méjèèjì wà, nígbà tí Èkó fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, ọmọ Ìkòròdú àti ọmọ Ẹ̀pẹ́ wà nínú àwọn tó jẹ nínú rẹ̀. Iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn fò láti nǹkan bí 450,000 ní 1954 sí ohun tó ju 800,000 lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọlé ẹ̀kọ́ ní 1955 ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 1967. Ó lè ka Yorùbá dáadáa. Ó ti ń rí owó díẹ̀ ná, bóyá níbi iṣẹ́ ọwọ́ tàbí nínú ọjà. Kì í ṣe ìwé ìdánwò ló ń wá mọ́; ó ń wá ohun tí yóò gbádùn. Kò yani lẹ́nu pé àárín ọdún mẹ́rin péré ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá fi rúwé.

Ní 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde. Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, ìpàǹpá ọ̀daràn ló sì ń dojú kọ. Ní 1971, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e. Ọdún 1971 yìí náà ni Kọ́lá Akínlàdé gbé Ta Ló Pọmọ Ọba? jáde. Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọ Lápàdé. Lápàdé fẹ́ràn ìjà àti òwe; Olúṣínà a máa béèrè ìbéèrè jẹ́jẹ́, a máa wo àmì, a sì máa to ọ̀rọ̀ pọ̀ títí ọ̀nà yóò fi tán fún ọ̀daràn. Ẹni tó bá ti ka àwọn méjèèjì ti mọ oríṣi ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì tí gbogbo ayé ń kọ: ti eégún apá àti ti àròjinlẹ̀.

Àwòrán náà kò gbẹ́yìn. Ní òpin àwọn ọdún 1960, ìwé ìròyìn African Film ń gbé ìtàn Lance Spearman káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú fọ́tò, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ní Yorùbá, Atọ́ka ti bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Àwọn ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri, irú ti Hubert Ògúndé àti Oyin Adéjọbí, á ṣe eré wọn níwájú ayàwòrán, a ó to fọ́tò náà tẹ̀léra, a ó sì tẹ ọ̀rọ̀ sí i. Eré kan kì í sábà parí nínú ẹ̀dà kan. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ojú èèyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìtàn tó ń tẹ̀ síwájú ní àwòrán kọ̀ọ̀kan, àti ìdúró de ẹ̀dà tó ń bọ̀. Bí a bá yọ orin àti bọ́tìnnì kúrò lára visual novel, kí ló kù tí Atọ́ka kò ní?

Kí ló wá pa á? Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, náírà já wálẹ̀, bébà di ọ̀wọ́n. Àkókò yẹn náà ni àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré wọn lọ sórí fídíò. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi bẹ̀rẹ̀, Atọ́ka ti kógbá sílé. Kì í ṣe pé òǹkàwé kò ní sùúrù mọ́. Ìwé ló kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni irú ìtàn yìí ń gbèrú ní Jàpáànì. Ní 1983, Yuji Horii gbé eré kọ̀ǹpútà kan jáde, Portopia, nípa ayánilówó kan tí wọ́n bá lókùú ní ìlú Kobe nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ní 1992, ilé iṣẹ́ Chunsoft tẹ ọ̀rọ̀ bo gbogbo ojú àwòrán bí ojú ìwé nínú Otogirisō. Láàárín 2007 sí 2010, Umineko jáde ní ìpín mẹ́jọ. Ìdílé olówó kan pàdé ní erékùṣù láti jíròrò ogún bàbá wọn tó ń kú lọ. Wúrà wà níbẹ̀, ìjì dí ọ̀nà omi, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé tí ọ̀rọ̀ ogún ti dàrú? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìpín kan ń jáde. Àwọn òǹkàwé á kà á tán, wọ́n á dúró, wọ́n á jiyàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹkàwé Akéde Èkó ti ṣe ní ọgọ́rin ọdún ṣáájú wọn.

Àlàfo yẹn ni a kò ní mọ́. Odindi ìtàn náà ló dé sórí fóònù wa lẹ́ẹ̀kan, ìnira tó sì bá a wá kò kéré. Ó lè gba ọgọ́rùn-ún wákàtí. Ó ń jẹ dátà kí o tó bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ bátìrì bí o bá bẹ̀rẹ̀, iná kò sì ṣe é gbójú lé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn ará Jàpáànì bíi mẹ́ẹ̀dógún sì tò sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ a máa fà. O lè ka wákàtí mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó kú, o kò sì mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ ṣákálá yẹn ni àmì wà. Èyí tó burú jù ni pé ìdáhùn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìka kan péré ló jìnnà sí ọ. Ẹni tó bá lọ wò ó dà bí ẹni tó béèrè ìdáhùn àlọ́ àpamọ̀ kí ó tó ronú.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Àwa ará Ìkòròdú mọ ohun tí àdììtú gidi ń ṣe fún ìlú. Ní 2016 àti 2017, àwọn apànìyàn tí aráàlú ń pè ní Badoo ń wọlé tọ àwọn èèyàn lóru, wọ́n ń fi òkúta pa wọ́n lójú oorun. Ẹ̀rù gba ìlú kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣọ́ òru. Ní oṣù Keje 2017, àwọn èrò mú apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n. Aláìṣẹ̀ ni wọ́n. Àwọn èrò yẹn náà ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè "ta ló pa á?", àmọ́ wọn kò lè dúró de ẹ̀rí.

Ìwé kò lè dá èrò tó ń bínú dúró, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ìtàn àdììtú gígùn ń mú kí a fi òwe yẹn ṣe iṣẹ́. Ní ìpín kìíní, ó dá ọ lójú pé ìyàwó àkọ́bí ni. Ní ìpín kẹta, ẹ̀rí tuntun dà á nù. Ní ìpín karùn-ún, ojú ń tì ọ́ fún ìkórìíra tí o kó lé e lórí. Ìtàn kúkúrú kò lè ṣe èyí, nítorí kò jẹ́ kí o bá ìdánilójú rẹ gbé pẹ́ tó kí ó tó fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, àbá wa rèé. Ẹ má dá a kà. Ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ka ìpín kan lóṣù, kí oníkálukú kọ orúkọ ẹni tó fura sí àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó ṣí èkejì. Bí ìyá àgbà yín bá ní àpótí ìwé ní Ẹ̀pẹ́, ẹ béèrè Atọ́ka lọ́wọ́ wọn kí ikán tó jẹ ẹ́ tán. Àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà nínú wa, ẹ wo Ren'Py. Láti 2004 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe visual novel, ó sì ń gba àmì ohùn wa bí ẹ bá fún un ní fọ́ǹtì tó tọ́. Òkédìjí ti kú ní 2019. Lápàdé kò tíì rí arọ́pò tó ń gba orí ọ̀sà láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ wádìí ọ̀rọ̀. Ta ni yóò kọ ọ́?