Iye Nọ́ọ̀sì ní Wọ́ọ̀dù àti Oògùn Ìfọkànbalẹ̀ Ìgbà-tó-bá-yẹ

Ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, irú èyí tí ó wà ní Arò, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, oríṣi àṣẹ méjì ni dókítà máa ń kọ sínú káàdì oògùn aláìsàn. Oògùn ojoojúmọ́ ní aago tirẹ̀. Oògùn ìgbà-tó-bá-yẹ kò ní in: dókítà yóò kọ ìwọ̀n rẹ̀, ìdí tí a fi lè lò ó, àti iye tí a kò gbọdọ̀ kọjá láàrin wákàtí 24, ṣùgbọ́n ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ìpinnu ìgbà tí a ó lò ó wà. Haloperidol, diazepam àti promethazine wà lára irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni iye nọ́ọ̀sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tí ó ń rìn síwá sẹ́yìn, lè rọlẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá mú un kúrò níbi ariwo, tí ó sì bá a jókòó. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì méjì tí ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù tó kún fọ́fọ́ lóru kò ní ìṣẹ́jú 20 náà. Abẹ́rẹ́ yá ju ọ̀rọ̀ lọ. A kò dá wọn lẹ́bi: ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ti gba òkè òkun lọ, ẹrù àwọn tó lọ sì bọ́ sí ọrùn àwọn tó kù. Síbẹ̀, iye nìkan kọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá pọ̀ tí a kò kọ́ wọn bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pẹ̀tù síni nínú, abẹ́rẹ́ lè má dín kù rárá.

Ohun tí ó ká wa lára jù ni wákàtí tó tẹ̀lé abẹ́rẹ́. Diazepam lè mú kí mímí lọ́ra. Haloperidol lè mú kí ọrùn àti ahọ́n le gbagidi. Oògùn ojoojúmọ́ tí aláìsàn ti lò tẹ́lẹ̀ náà yóò tún dàpọ̀ mọ́ ọn. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa padà wá wo mímí àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́ọ̀dù tí ọwọ́ kò sì tó ni ìpadàwá yìí ti ṣòro jù.

Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú ètò ìtọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè oògùn tí a lò, ìdí rẹ̀, àti ohun tí a kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí oògùn ìgbà-tó-bá-yẹ bá ti di ti alaalẹ́, ẹ ní kí dókítà tún àṣẹ náà yẹ̀ wò.