Ìwé Ìtàn Samuel Johnson Lọ́wọ́ Àgbàlagbà Òǹkàwé

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dojú kọ àwọn olùkọ́ ìtàn. Àgbàlagbà tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, tí kò sì ní ìdánwò kankan í ṣe, a máa béèrè pé ìwé wo ni òun lè kà tí òun yóò fi mọ ìtàn àwọn baba òun. Kì í ṣe ìtàn àròsọ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ó fẹ́ mọ̀. Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìwé tí Samuel Johnson kọ, The History of the Yorubas, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ìdáhùn yìí dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ojú-ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 600. Bí a bá kàn gbé e lé ènìyàn lọ́wọ́ láìsọ bí yóò ti kà á, ó lè sú u kí ó tó dé ibi tí adùn rẹ̀ wà. Ó sì lè gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé yẹ̀ wò ni.

Ohun mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni bí ìwé náà ṣe di ìwé. Èkejì ni irú ẹ̀rí tí ó wà nínú rẹ̀ àti ìwọ̀n tí a lè fi gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni àwọn ìwé mìíràn tí ó yẹ kí a kà mọ́ ọn, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

2. Bí Ìwé náà Ṣe Di Ìwé

Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ni a ti bí Samuel Johnson ní 1846. Baba rẹ̀, Henry Johnson, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú tí a sì gbà sílẹ̀ sí Sàró. Ìdílé náà ka ara wọn mọ́ ìran Aláàfin Abíọ́dún ti Ọ̀yọ́. Nígbà tí ó fi di 1858, wọ́n ti padà sílé, wọ́n sì ti ń gbé ní Ìbàdàn, níbi tí baba ti ń ran míṣọ́nnárì David Hinderer lọ́wọ́. Abẹ́òkúta ni Samuel ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó padà wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́. Nígbà ogun Kírìjì, òun àti Charles Phillips wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ bá àwọn ibùdó ogun, kí àdéhùn 1886 tó wáyé.

Ohun tí ó mú un kọ ìwé kò ṣòro láti lóye. Ó rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Gíríìkì àti ti Róòmù, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ wọn. Ó rí i pẹ̀lú pé àwọn àgbà tí ìtàn wà lẹ́nu wọn ń kú lọ. Nítorí náà ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ àwọn tí ó mọ̀ lọ. Ó dárúkọ mẹ́ta nínú wọn tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn: David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, Lágúnjù, Tìmì Ẹdẹ, àti Josiah Òní. Ó tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, àwọn tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti mọ ìtàn ọba.

Ní 1897 ni ó parí iṣẹ́ náà. A fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún ni ó ti sọnù. Johnson kú ní 1901 láìtún fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, dókítà oníṣègùn ní Èkó, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ. Ní 1916, ó fi í rán ọkọ̀ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ẹrù náà tó dé ibi tí a rán an lọ, nígbà tí pépà ti di ọ̀wọ́n gógó nítorí ogun. Obadiah náà kú ní 1920. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìwé jáde.

Kì í ṣe ìtàn ìyàlẹ́nu lásán ni èyí. Ó kọ́ òǹkàwé ní ohun kan: ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí Samuel Johnson fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí. Èyí tí àbúrò tún tò lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n ni. Ọwọ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ni ó wà níwájú.

3. Ìpele Mẹ́ta Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò dọ́gba ní ìgbẹ́kẹ̀lé, nítorí pé ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà mọ̀ ọ́n kò dọ́gba. A lè pín in sí ìpele mẹ́ta.

Ìpele kìíní ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ayé àtijọ́: Odùduwà, Ọ̀rányàn, Ṣàngó, àti ọ̀pọ̀ Aláàfin tí ó jẹ títí dé ìgbà Abíọ́dún, ẹni tí ó wàjà ní 1789. Ẹnu arọ́kin ni púpọ̀ nínú èyí ti wá. Arọ́kin a máa ṣọ́ ìtàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba ni ó ń bọ́ ọ, ohun tí ó bu iyì kún ìtẹ́ ni ó sì ń rántí jù. Ó yẹ kí òǹkàwé tún rántí pé ìdílé òǹkọ̀wé so mọ́ Abíọ́dún. Nígbà tí ó bá wá ka bí Baṣọ̀run Gáà ti burú tó àti bí Abíọ́dún ti ṣẹ́gun rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ọmọ ni ó ń sọ ìtàn baba ńlá rẹ̀. Èyí kò sọ ìtàn náà di irọ́. Ó kàn ń sọ fún ni ibi tí ẹni tí ń sọ ọ́ jókòó sí.

Ìpele kejì ni ìfọ́ Ọ̀yọ́ Ilé: ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ìdàrúdàpọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, bí àwọn ènìyàn ti sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, àti bí Àtìbà ti tún Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó sí ibi tí ó wà lónìí. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí a tó bí Johnson ni Ọ̀yọ́ Ilé tú. Kò rí i, ṣùgbọ́n ó bá àwọn tí ó rí i sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìpele yìí sún mọ́ni ju ti ìṣáájú lọ.

Ìpele kẹta ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí Johnson ti dé Ìbàdàn. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti gba Adélù, Àrẹ̀mọ Àtìbà, ní Aláàfin, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó dá ogun Ìjàyè sílẹ̀, ogun tí ó parí sí ìparun Ìjàyè ní 1862. Ọmọ ogún ọdún kò tíì pé ni Johnson nígbà náà, Ìbàdàn ni ó sì wà. Ohun tí ìlú ń sọ ni ó ń gbọ́, ohun tí ìlú ń rí ni ó ń rí. Ti ogun Kírìjì, tí ó jà láti 1877 sí 1893, òun fúnra rẹ̀ dé ibùdó ogun. Ní ìpele yìí ni ìwé náà ti lágbára jù lọ.

4. Àpẹẹrẹ Kan: Ikú Ìyálóde Ẹfúnṣetán

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi ìwúlò ìpele kẹta hàn. Láti ìgbà tí eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ti jáde ní 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó mọ Ìyálóde Ẹfúnṣetán sí ìkà obìnrin tí ó ń pa ẹrú rẹ̀, tí ìlú sì dìde sí nítorí ìwà ìkà yìí. Eré ni èyí, eré a sì ní òmìnira tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1874 ní láti lọ sínú ìwé Johnson, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní àkókò náà.

Nínú ìwé Johnson, Ẹfúnṣetán jẹ́ oníṣòwò ńlá tí ó ní ẹrú àti ọrọ̀. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn kì í ṣe ti ẹrú pípa. Wọ́n ní kò bá Ààrẹ lọ sí ojú ogun, kò fi oúnjẹ àti ohun èèlò ránṣẹ́, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó ń bọ̀ láti ogun. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ pa á lóru. Wọ́n gba òkè àjà wọ yàrá rẹ̀, ó sì hàn pé a ti fi owó rà wọ́n. Johnson kò fi bò pé ìwà tí kò tọ́ ni.

Ohun méjì ni èyí fi yé ni. Èkíní ni pé bí òǹkọ̀wé náà tilẹ̀ fẹ́ràn Ìbàdàn, kò gbè sẹ́yìn àwọn alágbára ìlú náà nígbà tí wọ́n bá ṣe ohun tí kò dára. Èkejì ni pé orúkọ ẹni tí ó ti kú kò yẹ kí ó dúró lórí eré nìkan. Bí àgbàlagbà kan bá ti rí eré náà, tí kò sì ka ìtàn, ìdajọ́ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ lórí obìnrin náà kì í ṣe èyí tí ẹ̀rí ọjọ́ náà gbè.

5. Ibi tí Ìwé náà Kù Sí

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson fi wo ilẹ̀ Yorùbá. Ìtàn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Oǹdó kò hàn púpọ̀, àfi níbi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti kan Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn. Ìtàn tí ó sọ nípa orírun ìtẹ́ Ifẹ̀ jẹ́ èyí tí ó gbé Ọ̀yọ́ ga ju Ifẹ̀ lọ, àwọn ará Ifẹ̀ kò sì gbà á.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ pé láti Mẹ́kà ni àwọn Yorùbá ti wá. Johnson kọ ìtàn Lámúrúdu sílẹ̀, ó sì tọ́ka sí ohun tí Sultan Bello ti Ṣókótó kọ. Ìwádìí inú ilẹ̀ tí a ti ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ kò ti ìtàn yìí lẹ́yìn. Ní 1938, a hú àwọn orí idẹ olókìkí ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun ènìyàn kan ní Ihò Ẹlẹ́rù, ní agbègbè Àkúrẹ́, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 11,000 ọdún. Egungun kò lè sọ èdè tí olówó rẹ̀ sọ. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ènìyàn ti ń gbé ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ ṣáájú Mẹ́kà tí a mọ̀.

Ewu kan tún wà tí ó pọ̀ ju èyí lọ. Ìwé náà ti wọ inú ìtàn àtẹnudẹ́nu. Nínú àríyànjiyàn oyè àti ilẹ̀, a máa ń tọ́ka sí i bí ẹ̀rí. Ọmọ ka ìwé fún baba, baba sọ ọ́ fún olùwádìí bí ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu baba òun. Olùwádìí sì padà dé, ó ní ẹ̀rí ìlú bá ti ìwé mu. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ti di méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni parọ́.

6. Àwọn Ìwé tí ó Yẹ Kí a Kà Mọ́ Ọn

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ìwé kìíní, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣàlàyé gírámà èdè. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ogun Ìjàyè, kí ó kà á títí dé òpin Kírìjì. Lẹ́yìn náà, kí ó padà sí ìfọ́ Ọ̀yọ́ Ilé. Ìgbẹ̀yìn ni kí ó ka ti Odùduwà àti Ṣàngó, nígbà tí ó ti mọ ohùn òǹkọ̀wé dáadáa.

Kí ó sì ní ìwé mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkíní ni ìwé ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé kọ ní èdè Yorùbá ní 1911, ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí ti Johnson tó jáde. Ọmọ Ìbàdàn ni, òun náà ni ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí dé 1964. Èkejì ni ìwé A. K. Ajíṣafẹ́ lórí Abẹ́òkúta, kí òǹkàwé lè gbọ́ bí ogun wọ̀nyí ti rí lójú Ẹ̀gbá. Ẹ̀kẹta ni ìwé S. A. Akíntóyè, tí ó jáde ní 1971, lórí ìjà agbára ní ilẹ̀ Yorùbá láti 1840 sí 1893. Níbẹ̀ ni Èkìtì Parapọ̀ ti sọ tẹnu wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ọ̀yọ́ àtijọ́ síi, kí ó wá ìwé tí Robin Law kọ ní 1977. Ti ọ̀nà ogun jíjà, J. F. Adé Àjàyí àti Robert Smith ti kọ tiwọn ní 1964.

Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ti Akínyẹlé jẹ́ èyí tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kà láìní ògbufọ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti rí i rà. Èyí ni ìṣòro gidi. Ẹni tí Johnson ń ronú nípa rẹ̀ ní 1897 ni ọmọ Yorùbá tí ó ti kàwé dé ibi tí ó ti gbàgbé ilé. Ẹni tí ó mọ Yorùbá kà tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ìṣirò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tí ìtàn náà jẹ́ tiwọn.

7. Ìkádìí

Ìwé Johnson yẹ ní kíkà, kò sì sí èyí tí ó lè dípò rẹ̀. Ohun tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu Kúkọ̀mí, Lágúnjù àti àwọn arọ́kin, kò sí ibòmíràn tí a ti lè rí i gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn kan ni, kì í ṣe gbogbo ohùn. Àgbàlagbà tí a bá dábàá rẹ̀ fún, kí a sọ fún un ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí òǹkọ̀wé ti rí nǹkan fúnra rẹ̀, àti ìwé tí yóò gbé sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a bá fẹ́ kí ó kàn án ní tòótọ́, ó tọ́ kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá mú títún ìwé àwọn Akínyẹlé tẹ̀, àti kíkọ ìtàn gidi fún àgbàlagbà ní èdè Yorùbá, ní iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì bí iṣẹ́ ìwádìí èyíkéyìí.