Yunifásítì Ìbàdàn àti Sòbìà ní Ìdèrè

Ìyá kan nínú kíláàsì wa ní Manigri bi mí pé: "Olùkọ́, yunifásítì tí wọ́n ń sọ yìí, kí ni ó ń ṣe fún àgbẹ̀?" Ìbéèrè náà dára. Ìtàn ni n óò fi dáhùn.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, agbègbè kan wà tí ń jẹ́ Ìbàràpá. Àgbẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n. Wọ́n ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Ní ọdún 1963, àwọn olùkọ́ ìṣègùn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá. Wọ́n ń rán àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ gbé láàrin àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ohun tí ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni sòbìà. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Aràn funfun ni, ó gùn bí okùn, ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń gbà jáde. Mo wà ní kékeré nígbà tí ó mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè, orí ẹní ni ó wà. Ẹni tí ń fún wa ní iṣu tẹ́lẹ̀, àwa ni a fún un ní iṣu ní ọdún náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìdèrè, ìlú kan nítòsí Igbó-Ọrà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì rí i pé sòbìà lè dá àgbẹ̀ dúró sílé fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé a bí sòbìà mọ́ ènìyàn ni. Àwọn àgbà tiwa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú omi ni ó ti ń wá. Kòkòrò kékeré kan wà nínú omi adágún, ọmọ aràn náà ń gbé inú rẹ̀. Bí a bá mu omi náà, aràn yóò dàgbà nínú ara wa fún bí ọdún kan. Bí ó bá fẹ́ jáde, ẹsẹ̀ yóò máa ta wá. A ó ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tutù, aràn yóò sì tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi. Kò sí oògùn tí ń pa sòbìà, títí di òní. Àwọn olùkọ́ jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n sì kọ́ àwọn kan nínú wọn ní iṣẹ́ ìlera. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn télọ̀ Ìdèrè fúnra wọn ni wọ́n ń rán asẹ́ aláṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ni wọ́n ń tà á. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó rà á o, owó ni owó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ rí iṣẹ́ ṣe, ẹni tí ó sì ń sẹ́ omi rẹ̀ rí ẹsẹ̀ fi lọ sí oko.

Ìjọba àti Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ní Benin, ọdún 2004 ni a rí sòbìà kẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, ọdún 2008.

Àwa náà ní yunifásítì ní Parakou láti ọdún 2001. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti wá sí ọ̀dọ̀ wa rí, wọ́n béèrè nípa iṣu àti kajú, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, a kò sì rí wọn mọ́. Mo sọ fún ìyá náà pé bí òmíràn bá dé, kí a fún un ní àga, kí a sì bi í ní ọjọ́ tí yóò padà wá sọ ohun tí ó rí fún wa. Ó ní òun yóò kọ ọjọ́ náà sínú ìwé òun.