Àwo Funfun Nínú Omi Ọ̀wẹnà

Ẹni tó bá wá sí Àkúrẹ́ pé adágún ńlá bíi ti Chad ni òun ń wá, á wá a tì. Odò ni tiwa: Àlà tó gba àárín ìgboro Àkúrẹ́, Ògbèsè, àti Ọ̀wẹnà tí ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ń kọjá lórí afárá. Ibi tí omi bá ti tẹ́jú tó dúró lágbègbè wa, wọ́n sé odò níbẹ̀ ni, kí omi ẹ̀rọ lè yọ nílé. Bó ṣe di pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé okùn àti ìgò lọ síbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìtàn tó jìnnà díẹ̀ sí ìlú wa ni.

Kainji ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n sé Odò Ọya níbẹ̀ nítorí iná mànàmáná. Omi bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn bí 44,000 sì kó ẹrù wọn lọ síbòmíràn. Àwọn onímọ̀ ti dé ibẹ̀ kí omi tó kún. A.M.A. Imevbore ti Yunifásítì Ifẹ̀ wà lára àwọn tó kọ bí omi àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ṣe rí sílẹ̀. Mo máa ń kan sáárá sí wọn fún èyí, torí ẹni tí kò mọ bí odò ṣe rí lánàá, kí ló fẹ́ sọ pé ìsédò bà jẹ́? Nígbà tí adágún kún tán, irú ẹja kan tí wọ́n ń pè ní Citharinus kún àwọ̀n àwọn apẹja fọ́fọ́. Kò pẹ́ tó fi wọ́n. Àwọn tó ń kà á lọ́dọọdún nìkan ló rí i pé omi tuntun ló kọ́kọ́ gbè é, pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ inú omi náà kò lè tọ́jọ́.

Ìtàn náà sún mọ́ ilé ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀: ìjọba àpapọ̀ dá àwọn àjọ tó ń bójú tó odò sílẹ̀ káàkiri, Benin-Owena sì wà nínú wọn. Ní 1981, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, dé, inú ọgbà tí Polí ìjọba àpapọ̀ ń lò kó tó kó lọ sí Adó-Èkìtì ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka ẹja àti ẹranko igbó, tí wọ́n pín sí méjì nígbà tó yá, ni èmi gbà kọjá. Ọmọ Oǹdó ni mí, ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí.

Ohun èlò tó kọ́kọ́ kàn wá lọ́wọ́ lórí omi kò ju àwo pẹlẹbẹ kan lọ, tó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun, tí wọ́n so okùn mọ́. Àlùfáà Kátólíìkì kan ní Ítálì, Angelo Secchi, ló dán irú rẹ̀ wò ní 1865, nínú ọkọ̀ ojú omi Póòpù. Tirẹ̀ kò ní dúdú lára. Àwọn ẹlòmíràn ló fi kún un. Wàá rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí ojú kò fi ní rí i mọ́, wàá ka àmì ara okùn. Wàá tún fà á sókè títí yóò fi yọ, wàá ka ìyẹn náà, wàá wá mú àárín méjèèjì. Lásìkò òjò, tí ẹrẹ̀ oko kòkó bá ti wọ́ wọnú Ọ̀wẹnà, kíá ni àwo náà ń pòórá. Bàbá apẹja tó ń wa ọkọ̀ fún wa máa ń ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi kí a tó tú okùn rárá. Á wò ó, á ní, “Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, kò ní jìn lónìí.” Ọ̀gá wa ní ká kọ ohun tí bàbá sọ náà sílẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo gbà ní Àkúrẹ́, mi ò mọ èyí tó ju ìyẹn lọ.

Ohun tó dé ìgboro jù nínú ẹ̀kọ́ wa ni ti àrọ̀. Àrọ̀ kì í dédé yé ẹyin nínú kòtò àgbẹ̀, ìkún omi òjò ló ń dúró dè. A kọ́ bí wọ́n ṣe ń la orí ẹja kan, tí wọ́n ń yọ ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ, tí kò tó hóró ìrẹsì, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ omi oníyọ̀, tí wọ́n ń gún un ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn abo. Ó di nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, kí o tó tẹ ikùn rẹ̀, kí ẹyin máa dà sínú abọ́. Akọ ní tirẹ̀, wọn yóò là á ni. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì, ọmọ ti ń jà pìtìpìtì. Ẹ̀kọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní kí àwọn ará Àkúrẹ́ wá gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbọ́. Tíṣà, ẹni tó ti fẹ̀yìntì, pásítọ̀, gbogbo wọn gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé. Rédíò náà gbè é: OSRC ní Oríta Ọ̀bẹlé, lẹ́yìn náà FUTA FM 93.1.

Ti omi odò kò rìn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lórí Ọ̀wẹnà, Ògbèsè àti Àlà kò kéré rárá. Àlà ọ̀hún gan-an, tí ilé ń da pàǹtírí sí, ọ̀pọ̀ ló ti gboyè lórí ìdọ̀tí rẹ̀. Wọ́n di iṣẹ́ náà ní ìwé oníbébà líle, wọ́n tò ó sórí pẹpẹ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ létí odò ńkọ́? Àrọ̀ rìn nítorí owó wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò sanwó kí o tó sọ fún un pé omi rẹ̀ ti ń dọ̀tí?

Ọmọrí agolo ọ̀dà ni èmi fi ṣe àwo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Oǹdó. Ohun tí mo sì ń bá àwọn tó wà ní yunifásítì sọ nígbàkigbà tí a bá pàdé kò pọ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti gboyè lórí Ọ̀wẹnà kọ ojú ewé méjì péré ní Yorùbá, kó mú un padà lọ ka fún àwọn apẹja lọ́jọ́ ìpàdé wọn, kó sì jókòó gbọ́ ibi tí wọ́n bá ní kò rí bẹ́ẹ̀.