Ilé Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Méjì ní Ọgbà Àlùfáà Aké

Ilé ni mo fẹ́ kí a fi wo ìtàn Ẹ̀gbá ní òní, kì í ṣe ogun, kì í sì í ṣe oyè.

Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní ọdún 1934, ṣe àpèjúwe ọgbà àlùfáà Aké nínú ìwé rẹ̀, *Aké*, tí ó jáde ní ọdún 1981. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì méjì ni ó dárúkọ. Èkíní ni ilé Kánọ́ọ̀nù: onígun mẹ́rin ni, fèrèsé rẹ̀ pọ̀, igi tí ó yí wọn ká sì dúdú. Láti òkè rẹ̀ ni a ti ń wo Ìtókò ní ọ̀ọ́kán. Èkejì ni Ilé Bíṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ń sùn sí. Ọmọdé náà ní tirẹ̀ kò kà á sí ilé rárá, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó ń gbé inú rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Agbo ilé ni àwọn tí ó tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830 mọ̀: ògiri amọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí àgbàlá, òrùlé koríko tí ó tẹ̀ wálẹ̀. Inú ni ilé ń wò. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì yí ojú padà sí ìta. Ẹni tí ó wà lókè rí orí òrùlé aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a máa pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé òyìnbó lásán. Àwọn Sàró, Ẹ̀gbá tí ó padà bọ̀ láti Sierra Leone, mú iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà bọ̀ wá sí ilé. Crowther pàápàá kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ifọ́lé ṣẹlẹ̀. Orúkọ náà ti sọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n kó ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n ba ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ *Ìwé Ìròyìn* láti ọdún 1859 jẹ́, àwọn òyìnbó sì jáde ní ìlú. Ìjọ kò kú. Ọwọ́ àwọn àlùfáà dúdú ni ó bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Ṣóyínká ní olùkọ́ sọ fún àwọn pé Crowther ti gbé Ilé Bíṣọ́ọ̀bù rí, láti ìgbà náà ni òun sì ti ń rí i láàárín àwọn òdòdó. Àkọsílẹ̀ ń sọ ohun mìíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni Crowther rí Àfàlà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí ẹrú ti yà wọ́n. Ṣùgbọ́n Ìgbẹ̀ìn ni ibùdó rẹ̀. Townsend ni ó ni Aké. Nígbà tí Crowther sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, a yọ Abẹ́òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó, Townsend ṣáájú wọn, kọ̀ láti sin aláwọ̀ dúdú.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ǹ bá ti fi àkọsílẹ̀ na olùkọ́ náà ní pàṣán. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn òyìnbó fi àga bíṣọ́ọ̀bù dù ú ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ Aké ni wọ́n gbé e wọ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀ ní alẹ́.